Ọjọ́ Tí Orin Fún Mi Lọ́kọ

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí a ṣe eré olórin nílé ẹ̀kọ́ wa ní Tudun Wada, ní Kàdúná. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Èmi ni ọmọbìnrin inú eré náà tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kọ́ orin. Bàbá mi ti kìlọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ìsọkúsọ kan péré, orin kíkọ parí fún mi.

Reluwé tí a fi páálí ṣe wọlé. Mo gbé orin: "Ọkọ̀ mi dé, yóò gbé mi lọ!" Ṣùgbọ́n ohùn orin òyìnbó tí tíṣà fún wa kò jẹ́ kí "kọ̀" lọ sílẹ̀. "Ọkọ mi dé" ni gbogbo ènìyàn gbọ́.

Bàbá mi dìde láàárín àwọn òǹwòran. "Ọkọ wo?"

Làwání, ọmọ kíláàsì mi tó ń wa reluwé náà, yọrí láti inú páálí. "Èmi kọ́ o, Bàbá! Dírẹ́bà lásán ni mí!"

Ẹnì kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ìyá Háúsá tó wà lẹ́yìn. Ni wọ́n bá ń kí bàbá mi kú oríire ìgbéyàwó: "Allah ya sanya alheri!"

Bàbá mi gun orí ìtàgé, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Pẹ̀lú ẹ̀rù, mo tún orin náà kọ, mo fi ohùn tèmi sí i, mo jẹ́ kí "kọ̀" wálẹ̀ dáadáa. Ó dùn ju ti tíṣà lọ.

"Áà, reluwé ni!" Bàbá mi fi mí sílẹ̀, ó kọjú sí tíṣà. "Ẹ jẹ́ kó máa kọrin, sà. Ṣùgbọ́n kó máa fi àmì ohùn sí i."

Ìdí nìyí tí n kò fi jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan lanu kọrin láìkọ́kọ́ fàmì sórí ọ̀rọ̀.