Ṣé O Yà Á Tàbí O Kí I?

Mo rántí ìgbà tí owó fíìmù kan kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán mi lọ. Tí mo bá jẹ iyán ní búkà, tí mo fi ẹran méjì sí i, tí mo sì mu ohun tútù kan lé e, mo ti jẹ owó fíìmù kan tán nìyẹn. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní àdúgbò Fájuyì fi fíìmù kan hàn mí, ó ní láti Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí òun. Nígbà tó sọ iye tó rà á, mo ní kó tún un sọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó yẹn ì bá san owó ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ fún ọdún kan gbáko, ì bá sì ṣẹ́kù. Ó ní fíìmù ti tún di àrà báyìí, pé àwọn tó ń ṣègbéyàwó ń béèrè fún un, nítorí pé ó ní bí ojú ènìyàn ṣe máa ń rí nínú rẹ̀ tí dígítà kò lè ṣe. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo méjèèjì, èwo ni kí n mú?" Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mi ò ní ìdáhùn. Ìdáhùn náà ló gùn, ẹsẹ̀ mi kì í sì í gba ìdúró pípẹ́ mọ́.

Láti yunifásítì ni mo ti wá sídìí iṣẹ́ fọ́tò, bàbá mi kò sì dárí rẹ̀ jì mí títí ó fi kú. Tíṣà ni, ó sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun yóò di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Jọ́gíráfì ni mo kà. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún kan péré, mo sì lọ ra kámẹ́rà. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní onífọ́tò oníwèé. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣiṣẹ́ yìí nítòsí ara wa. Ṣọ́ọ̀bù Ààfáà wà lódìkejì títì sí tèmi. Onífọ́tò ni òun náà, ṣùgbọ́n Ààfáà ni gbogbo Adébáyọ̀ ń pè é nítorí pé kì í jẹ́ kí àsìkò ìrun kọjá lórí òun, kódà bí ìyàwó bá ti jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀. Ẹnì kẹta wa ni ọ̀rẹ́ mi ará Ìyìn, tó máa ń wọkọ̀ wá láràárọ̀, tó sì máa ń pe ilé ní ulé níbikíbi tó bá dé láìtijú. Lábẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi ni ìyá kan máa ń jókòó sí tó ń ta ẹ̀pà yíyan. Ìyá ẹlẹ́pà ni a ń pè é. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò kà á sí ẹni tó ń gbọ́.

Fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ni fíìmù kan ń gbà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí nígbà náà, orí ló fi ń kà wọ́n, bí ìgbà tí awakọ̀ ń fi etí gbọ́ bí epo ṣe kù sí. Bẹ́ẹ̀, níbi ayẹyẹ, a máa ń rí àwọn tó ń dúró síwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí wọn kò ní wá gba ẹyọ kan. Ẹ̀yìn fíláàṣì wa ní bọ́tìnì pupa kékeré kan tí a fi ń dán iná rẹ̀ wò. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, iná á kọ mànà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnì pupa yẹn ni a ń tẹ̀ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, iná á kọ, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ jókòó. A kò pè é ní irọ́. A ní a kí wọn ni. Tí a bá padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀kan nínú wa bá dárúkọ ènìyàn ńlá kan tó wà níbẹ̀, èkejì á bi í pé, "Ṣé o yà á tàbí o kí i?" A ó sì jọ rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rẹ́ mi ará Ìyìn ló kọ́kọ́ ra dígítà láàárín wa. Ó gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ onífọ́tò, ó ń ya gbogbo ènìyàn, ó ń ya àga, ó ń ya ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ, ó sì ń fi wọ́n hàn wá lẹ́yìn kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní kí a máa kó fíìmù tì díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ààfáà ní òun ṣì ń wò ó. Èmi dìde. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi parí, àfi ibì kan láàárín tí mo ti ní kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn dákẹ́. Mo ní fọ́tò tí kò bá ti ní nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, kò ní ẹ̀rí. Mo ní fíìmù kì í purọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì dùn mọ́ mi débi pé ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pé NẸ́GẸ́TÍÌFÙ YÍN KÌ Í SỌNÙ NÍBÍ. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìyìn ka pátákó náà, ó tún un kà. Ó ní, "Oníwèé, àwọn tí o kí ńkọ́? Ibo ni nẹ́gẹ́tíìfù tiwọn wà?" Ààfáà rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́pà náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé nítorí pé àwọn yòókù ń rín ni. Fún oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò bá ọ̀rẹ́ mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin ìyá ẹlẹ́pà ń ṣe ayẹyẹ ìparí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìyá náà kò gbé ẹ̀pà jáde. Ó wọ aṣọ kan tó pọ́n bí ọsàn, ó wé gèlè, ó sì yà sí ọ̀dọ̀ mi kó tó lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ yà mí, èmi nìkan. Gbogbo fọ́tò tí mo wà nínú ẹ̀, ẹ̀yìn èèyàn ni mo máa ń wà." Fọ́tò mẹ́fà péré ló kù nínú kámẹ́rà mi, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìyìn sì ti ń fọn fèrè. Mo ní kó dúró sábẹ́ pátákó. Mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó yí ojú sí mi. Mo ṣe gbogbo ohun tí onífọ́tò ń ṣe. Lẹ́yìn náà mo fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì pupa. Iná kọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì kó sínú ọkọ̀.

Nígbà tó bi mí léèrè fọ́tò náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní oògùn tí a fi ń fọ fíìmù ló bà á jẹ́.  Ó ní, "Kò burú, ọ̀gá. Bí fíìmù ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó wọn ẹ̀pà sínú bébà fún mi, kò sì gba owó rẹ̀.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó kú, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó ní lọ́jọ́ ayẹyẹ òun, ìyá òun sọ fún òun pé, "Mo ti ya fọ́tò ní Adébáyọ̀ kí n tó wá, èmi nìkan." Ó ní nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé, kò sí èyí tí ojú ìyá náà ti hàn tán, ejìká ẹlòmíràn ló máa ń bo ìdajì rẹ̀. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́jọ, ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn sì ń dúró de fọ́tò. Mo lè sọ fún un pé ó bàjẹ́, bí mo ti sọ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e. Ó nawọ́ sí pátákó. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀, sà, pé kì í sọnù." Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì.

Mo tú gbogbo páálí tí mo ní. Mo ń gbé nẹ́gẹ́tíìfù síwájú gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo rí fọ́tò mẹ́fà tí mo ṣọ́ lò lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń jẹ iyán, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń ya òun. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ààfáà wọlé bá mi láàárín páálí. Ó gbé ọ̀kan kúrò lórí àga, ó jókòó, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o yà á tàbí o kí i?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a béèrè ọ̀rọ̀ yẹn láàárín wa tí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mo kí i."

Ààfáà kò bá mi wí. Ó jáde, ó sì lọ pe ọ̀rẹ́ wa ará Ìyìn. Òun wọlé, kò wo ojú mi, ó kàn gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tàn án. Ìyá ẹlẹ́pà ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà, òun nìkan, pẹ̀lú aṣọ tó pọ́n bí ọsàn àti gèlè rẹ̀, ó dúró gan-an níbi tí mo ní kó dúró sí. Pátákó mi wà lókè orí rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ hàn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo kámẹ́rà tààrà, ọ̀nà Ìyìn ni ojú rẹ̀ wà.

Ọ̀rẹ́ mi ní bí ọkọ̀ mi ṣe gbéra báyìí ni ìyá náà pe òun láti òdìkejì títì. "Ó ní, ọ̀gá yìí ti kí mi. Ìwọ, wá yà mí." Ó ní òun fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ fún un ní Akúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò dígítà, ṣùgbọ́n ìyá náà ní kí òun ṣe sùúrù, pé kí àwọn wo ohun tí ọ̀gá máa gbé wá ná. Nígbà tí mo wá sọ fún ìyá náà pé fíìmù bàjẹ́, ó ní kí ọ̀rẹ́ mi má sọ fún mi rárá, pé ojú á tì mí.

 Ohun tó ń yí lọ́kàn mi ni pé obìnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ wa. Gbogbo ọdún tí a fi ń fi àwọn tí a kí rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ́ wa, ó ń da ẹ̀pà sínú ìgò.

Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ lọ sí Akúrẹ́ lọ tẹ fọ́tò náà ní ńlá. Ó ní kí n gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì, pé òun kò ní bá mi lọ. Mo gbé e lọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí bọ́tìnì pupa dé orí oògùn tí kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ń wo fọ́tò náà. Ó ní, "Ta ni Màámi ń rín sí?" Mo ní èmi ni, pé ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ló ń wò.

"Inú ò bí wọn nìyẹn," ni ó wí. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Inú bí èmi o, sà."

Mo ní mo gbọ́. Mo ti ń dìde kí n máa lọ nígbà tó ní kí n wá ya ìsìnkú náà. Ó ní kí n má gbé fíìmù wá o, kí n yá kámẹ́rà ọ̀rẹ́ mi, kí òun lè máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ dígítà nìyẹn, èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá a jà. Ní ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo ẹni tí mo bá yà ni mo ń yí kámẹ́rà sí. Àwọn ìyá arúgbó ìjọ rò pé mo ń fi nǹkan tuntun ṣe fáàrí. Nọ́ọ̀sì nìkan ló mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kò wò ó mọ́. Kí ọdún tó parí, mo ra tèmi, mo sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà pa ọ̀rọ̀ orí pátákó rẹ́. Mo ṣì ń fi fíìmù ya àwọn tó bá wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé òótọ́ ni ọmọbìnrin Fájuyì yẹn sọ nípa ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n n kò tẹ bọ́tìnì pupa fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin náà kò tó báyìí. Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. Mo wá ní kó jẹ́ kí n wo fíláàṣì rẹ̀. Mo yí i, bọ́tìnì náà sì wà níbẹ̀, wọn kò tíì yọ ọ́ kúrò lára fíláàṣì láti ìgbà yẹn wá. Ó bi mí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní wọ́n fi ń dán iná wò.

Ààfáà ti kú. Wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ní fọ́tò rẹ̀ kan, tó ń rọ omi àlùwàlá sínú ike níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ wà nílé mi dòní. Nọ́ọ̀sì wà láàyè, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, fọ́tò ìyá rẹ̀ sì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú pátákó mi lókè orí rẹ̀, nítorí pé kò gbà kí wọ́n gé e kúrò. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìyìn wà láàyè. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pè mí lórí fóònù láràárọ̀, á ní òun kàn ní kí òun kí mi ni. Èmi náà wà.