Bàbá Rúlà àti Ọ̀ọ́dúnrún Àwòrán Tó Sanra

Bí ẹ bá bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwòrán ilé pé ta ni Bàbá Rúlà, àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ júwe. Rúlà onírin kan kì í kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti fi wọn búrẹ́dì rí, kó lè mọ̀ bóyá oníbúrẹ́dì rẹ́ ẹ jẹ. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú àwòrán ilé, èyí tí wọ́n yà sórí ìwé tó fẹ̀ bí ẹní. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé síkáànà ńlá kan wá, tó ń gbé ìwé mì níwájú, tó sì ń pọ̀ ọ́ jáde lẹ́yìn, kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó ku oṣù méjì kí Bàbá fẹ̀yìn tì ló parí ọ̀ọ́dúnrún.

Ọjọ́ Ajé ni akọ̀wé obìnrin tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà ṣí èyí àkọ́kọ́ nínú ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Ó figbe ta.

"Bàbá, ẹ wá wò ó! Ilé yìí mà ti jẹun yó!"

Ilẹ̀kùn kúrú, ó fẹ̀, bíi pé ẹnì kan jókòó lé e lórí. Táńkì omi tó yẹ kó rí roboto ti di ẹyin tó dùbúlẹ̀. Gbogbo ìyókù náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wọn wọlé, ó wò ó, kò bèèrè nǹkan kan. "Bí wọn ò bá gún régé kí n tó dé láàárọ̀ Ọjọ́rú, màá kọ kúẹ̀rì sínú fáìlì yín."

Kúẹ̀rì lásìkò yẹn lè dá ìwé ìfẹ̀yìntì dúró fún ọdún kan gbáko.

Akọ̀wé di etí àwòrán kan mú, ó fà á gùn. Ó sàn díẹ̀. Ó fa èkejì.

"Èyí ń gbààwẹ̀, Bàbá."

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Bí a bá ń fi ojú fà á, ọ̀ọ́dúnrún irọ́ la máa kó fún wọn."

Ìyàwó Bàbá, tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ wọn, rí i nírọ̀lẹ́ bó ṣe ń wo ògiri. Ó yọ píìnì tó fi ń di aṣọ mú kúrò lẹ́nu. "Olówó orí mi, kí ló dé?"

Bàbá rò fún un.

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

Bàbá fọwọ́ kan rúlà àpò rẹ̀.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì wa lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó jẹ́ kí n sùn lé e!"

"Ojú ni mo fi wò ó."

"Bí èmi náà bá ń fi ojú ránṣọ, àdúgbò yìí ì bá ti máa rìn níhòhò."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá tẹ́ ojúlówó ìwé náà sílẹ̀, ó wọn ìlà tó yí àwòrán ká. Ìbú jẹ́ ọgọ́rin sẹ̀ńtímítà, gígùn jẹ́ àádọ́fà. Nínú kọ̀ǹpútà, ìbú ṣì jẹ́ ọgọ́rin, ṣùgbọ́n gígùn ti di márùndínlọ́gọ́ta. Ó wọn ìwé mìíràn. Ìdajì gééré ló tún sọnù. Ó jókòó sílẹ̀.

Ó ti rántí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá ní ẹ̀rọ náà ń fà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì tẹ bọ́tìnnì tó ń mú un sáré. Bó bá ń sáré, àmì kéékèèké irinwó ló ń kà nínú íńṣì kan lórí ìbú, igba péré lórí gígùn. Ètò fọ́tò kò mọ̀yẹn. Ó gbà pé bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ náà ló ṣe gùn, ni ilé bá sanra.

Mi ò gbà á gbọ́, torí náà Bàbá ṣe é lójú mi. Ó tú àmì ẹ̀wọ̀n tó so ìbú mọ́ gígùn nínú ètò fọ́tò náà, kò fọwọ́ kan ìbú, ó sọ gígùn di ìlọ́po méjì. Táńkì rí roboto. Mo wọ̀n ọ́n níbùú lóòró; iye kan náà ni. Akọ̀wé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn méjèèjì ò jẹun ọ̀sán títí ọ̀ọ́dúnrún fi pé.

Lọ́jọ́rú, ọ̀gá ń wò wọ́n lọ, ó dúró lórí ọ̀kan: ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́.

"Pálọ̀ mi dà?"

"Òun nìyẹn, sà."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyí! Èyí tí mo rí lọ́jọ́ Ajé fẹ̀. Mo ti fi han àwọn àna mi. Mo ti ra kápẹ́ẹ̀tì sí i!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ dá tèmi padà sí bó ṣe wà."

"Kò burú, sà. Ẹ kàn buwọ́ lù ú fún mi pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé yín rí."

Ọ̀gá yọ bírò, ó wo Bàbá, ó dá bírò padà sápò.

"Kúẹ̀rì ńkọ́, sà?" Akọ̀wé ló bèèrè.

"Kúẹ̀rì wo?"

Mo ní kí wọ́n fi fáìlì náà hàn mí, torí pé ẹnu ọ̀gá kì í ṣe ìwé. Mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí kúẹ̀rì níbẹ̀.