Aago Tí Mo Fi Sí Ìyá Mi Lọ́wọ́

Kò sí ẹni tó fipá mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi máa ń wá ẹlòmíì tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnléláàádọ́ta ni apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì mi kọṣẹ́ lójijì. Mo wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ mú fáìlì kan, fáìlì náà sì já bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ọwọ́ náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó fà á. Ọlọ́run ṣàánú mi, ọ̀rọ̀ padà sí mi lẹ́nu, ọwọ́ náà sì padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Mo ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara mi ni. Ọjọ́ tí wọ́n máa dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, dókítà wò mí lójú, ó ní, "Sà, oògùn nìkan kò tó o. Ẹ máa rìn. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa rìn."

Ìyàwó mi ti di olóògbé ṣáájú àkókò yẹn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, nọ́ọ̀sì ni, òkè òkun ló ń gbé. Nítorí náà, ìyá mi ló wá tọ́jú mi. Láti abúlé wa nítòsí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló ti wá sí Òṣogbo, pẹ̀lú báàgì kan àti ọkọ́ kan. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò. Ó ti lé ní ọdún márùnléláàádọ́rin, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ó ti rí ilẹ̀ kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí lẹ́yìn ilé wa, ó ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó sì ti gbin àgbàdo àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í pe ilé ní ilé, "ulé" ni à ń pè é. Bó bá ti jẹun àárọ̀ tán, yóò ní ulé yìí ti gbóná jù fún òun, ó di oko. Èmi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi fi aago ránṣẹ́ sí mi. Aago ọwọ́ dúdú kékeré kan ni, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ń ka oorun. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ fóònù mi, ohunkóhun tí fóònù mi bá sì rí, fóònù ọmọ mi náà á rí i níbi tó wà.

"Dádì," ó ní, "bí mi ò tiẹ̀ sí nítòsí, màá máa rí yín."

Inú mi dùn. Irọ́ kọ́, inú mi dùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rìn. Mo ń rìn láti ẹnu géètì wa dé oríta tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń fa ilà sílẹ̀ nínú iyanrìn, èmi fúnra mi ń gbọ́ ìró rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àwọn ẹlòmíì. Obìnrin tó ń sun àgbàdo létí títì á dìde lórí àpótí rẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ọlọ́run á wò yín sàn." Àwọn ọlọ́kadà tó máa ń pariwo kí mi tẹ́lẹ̀ wá ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nílé òkú. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí ní Àbẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Ó rí mi. Mo rí i pé ó rí mi. Ló bá yí ojú sí òdìkejì, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú àpò rẹ̀ títí mo fi kọjá. Ó fẹ́ ṣàánú mi ni. Àánú yẹn ló pa mí. Mo padà sílé, n kò sì jáde lọ́jọ́ kejì, n kò jáde lọ́jọ́ kẹta.

Ọmọ mi pè. "Dádì, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ péré lẹ rìn láti àárọ̀. Ṣé kò sí o?"

Mo ní òjò ló rọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ní iná ni mo fi aago náà sí. Lọ́jọ́ kẹta mo ní mo ní àlejò. Ó ń fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀, irú sùúrù tí nọ́ọ̀sì fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, mo sì kórìíra rẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ ní kíkà àti kíkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń so ìró rẹ̀ le, ó fẹ́ lọ sí oko ẹ̀yìnkùlé. Èrò kan kàn sọ sí mi lọ́kàn ni.

"Màmá, ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo so aago náà mọ́ ọn.

"Kí rè é?"

"Ọmọ ọmọ yín ló fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun. Ó ní kí ẹ máa fi ṣọ́ ìlera yín."

Ìyá mi yí ọwọ́ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"Ó rántí mi?"

"Ó rántí yín, Màmá."

Ó gbé ọwọ́ tí aago wà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ọmọ náà. Àdúrà náà gùn. Mo wọlé kí ó tó parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìṣísẹ̀ tí aago kà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ọmọ mi pariwo lórí fóònù. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi sí gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù, àwọn àbúrò mi sì ń kí mi kú oríire lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dáhùn pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, màá gba aago náà lọ́wọ́ ìyá mi pé mo fẹ́ fi sí iná. Èmi ni mo ń fi sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún fi í sí i lọ́wọ́. Báyìí ni a ṣe jọ di ẹnì kan ṣoṣo lójú ọmọ mi: èmi lójú oorun, ìyá mi lójú oòrùn.

Mo ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa ní kí n wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Mo gun orí pẹpẹ, mo sì sọ fún ìjọ pé mò ń rìn dé oríta, mo tún ń rìn kọjá oríta. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá mi wà láàárín àwọn ìyá ìjọ, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ó sì ń mi ọwọ́ rẹ̀ kí aago náà lè tàn, kí ẹni tó jókòó tì í lè rí ohun tí ọmọ ọmọ òun fi ránṣẹ́.

Nínú takisí tó gbé wa padà, ó bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa ń rìn, ọmọ mi?"

"Nígbà tí ẹ bá wà lóko ni."

Ó wò mí díẹ̀. "Ó dáa," ló wí.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ mi pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn àná.

"Dádì, níbo lẹ wà?"

"Mo wà nílé."

"Ẹ jókòó. Ọkàn yín ń sáré jù, ó tún ń lù ségesège. Àná náà ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí yìí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Mo fọwọ́ lé àyà ara mi. Ó ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ojú fèrèsé ni mo wà, mo sì wo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi jókòó sórí òkúta kan létí ebè, ọkọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà láyà. N kò rí i kó jókòó lóko rí.

Mo mọ̀. Kí n má purọ́ sí ìwé yìí náà: mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo jáde lọ bá a. "Màmá, ṣé ara le?"

"Ara le. Àárẹ̀ díẹ̀ ni. Oòrùn yìí mú jù."

Ọ̀rọ̀ tí mò ń wá ló sọ yẹn. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú. Bí mo bá gbé e lọ sí ọsibítù, wọn á béèrè ohun tó mú mi gbé e wá, ọmọ mi á gbọ́, ẹbí á gbọ́, ìjọ á gbọ́. Mo ní kí ìyá mi wọlé lọ sinmi, mo tú aago náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì so ó mọ́ ọwọ́ ara mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi pè. "Ó ti rọlẹ̀, Dádì. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ o." Mo ní màá lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé mo ti lọ, pé wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ìyá mi ṣubú. Ilé ìdáná ló ti fẹ́ gbé omi, mo gbọ́ tí ike dún nílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wọ́ ẹsẹ̀ dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Mo mọ àìsàn náà. Ó ti gbé ara mi rí.

Ará ilé kejì fi mọ́tò gbé wa dé ọsibítù. Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ó gbọ́ àyà ìyá mi, ó sì yíjú sí mi.

"Sà, ọkàn Màmá ń lù ségesège. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n ti ń ṣàròyé?"

"Òní ni," mo ní.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó lè pè é padà. Mo mú fóònù mi jáde, mo ṣí i, mo nà án sí i, ojú ń tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

"Ta ló wọ aago yìí?"

"Ìyá mi ni. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ń wọ̀ ọ́."

Ó wo fóònù náà pẹ́. "Láti ọjọ́ Àìkú," ó rọra wí. Kò bú mi. Ó ní ọkàn tó bá ń lù báyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kó sì lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, pé oògùn wà tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ó ní ó dáa tí mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó sáré padà sọ́dọ̀ ìyá mi.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta, mo pe ọmọ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí oríta dé orí pẹpẹ. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Nígbà tí mo sọ pé ó ti rọlẹ̀," ó ní, "ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ wọ̀ ọ́ kí n lè dákẹ́."

Ó ní kí n gbé fóònù fún dókítà. Ó ju oṣù kan lọ kí èmi àti òun tó tún sọ̀rọ̀ kọjá ti oògùn ìyá mi.

Ìyá mi kò kú. Ẹnu rẹ̀ padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sì sọ fún un. Mo rò pé yóò bínú nítorí ọkàn rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀, nítorí irọ́ tí mo pa nílé Ọlọ́run. Kò mẹ́nu ba ìkankan. Ó wo ojú mi, ó ní:

"Kì í ṣe èmi ló fi ránṣẹ́ sí?"

"Rárá, Màmá. Èmi ni."

Ó kọjú sí ògiri. "Mo ti fi han gbogbo àwọn ìyá ìjọ. Nígbà tí mo lọ Iléṣà lọ kí àbúrò mi, mo fi han òun náà."

Mo fa aṣọ bò ó léjìká.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò gbà láti padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ulé òun. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní abúlé báyìí, òun ló ń fún un ní oògùn rẹ̀ lákòókò. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò le tó bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó lè gbé ife, kò lè gbé ọkọ́.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rìn báyìí, níwájú gbogbo ènìyàn, bí ẹsẹ̀ bá fa ilà kó fà á. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń wọ mọ́tò gba Iléṣà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi òróró ra ọwọ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọsibítù, a ó sì jọ jókòó síwájú ilé. Ó ń béèrè àlàáfíà mi, ó ń fún mi lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi pẹ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan tí oko kòkó rẹ̀ wà nítòsí tiwa yà kí wa. Ó rí mi tí mò ń ra ọwọ́ ìyá mi. Ó dúró, ó mi orí.

"Ìyá, ẹ ti bímọ o," ó ní. "Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ báyìí, ó ṣọ̀wọ́n."

Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, mo ń rà á lọ. Ìyá mi kí bàbá náà, ó ní ẹ ṣeun, ó ní kí ó kí àwọn ará ilé. Ó dúró títí bàbá náà fi yà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí n dìde lọ kó ata tó sá sórí àpáta, pé òjò ti ṣú.