Ìbora Tí Abẹ́rẹ́ Ṣì Wà Lára Rẹ̀

Iṣẹ́ tí èmi àti Àlàájà ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Igbó-Ọrà kò ní orúkọ. Ohun tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ tí kò rí parí la máa ń bá a parí. Àwọn télọ̀ ilẹ̀ wa kì í da ègé ankárá nù. Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n ń kó o sí, nígbà tí ọwọ́ bá sì dilẹ̀, wọ́n á máa rán ègé mọ́ ègé títí yóò fi di ìbora. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dilẹ̀ yìí gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Ẹlòmíràn á rán an dé ìdajì, àwọn oníbàárà á kó aṣọ Iléyá dé, ìbora á sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹlòmíràn á ṣàìsàn. Ẹlòmíràn á kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní mọ ohun tí wọn ó fi í ṣe. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ṣe jẹun kí orúnkún mi tó kọ̀ láti máa tẹ máṣíìnì. Àlàájà ní tirẹ̀, aṣọ ló ń tà, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ọ́. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń kírun, a sì ń bára wa jiyàn lórí ohun gbogbo àfi ẹ̀sìn. Tí ìbora bá ti parí, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àwọn obìnrin tó wá bímọ láti abà, tí wọn kò mú nǹkan kan dání ju ìró kan lọ. Nígbà mìíràn, a ó fi ránṣẹ́ sí arúgbó tó ń dá gbé lóko. Ọyẹ́ ilẹ̀ Ìbàràpá kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

N ò ní purọ́, àwọn tó ń tọrẹ máa ń bí mi nínú. Ẹlòmíràn á kó àkísà tí eku ti jẹ wá, á ní òun fi ta aláìní lọ́rẹ. Mo máa ń sọ fún un pé aláìní kì í ṣe ààtàn, n ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lé e lọ́wọ́ padà. Àlàájà á ní kí n máa rọra sọ̀rọ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan la ní, Àlàájà ló sì ṣe é: a kì í tú ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti rán. Bó bá wọ́, kó wọ́. Ojú télọ̀ mi kò lè gba ìyẹn rárá, mo sì bá a fà á fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Télọ̀, ẹni tó rán èyí ti lọ. Ohun tó kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ tú yẹn." Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí abẹ́rẹ́ ẹni tó ni ín dúró sí ni àwa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Obìnrin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó pọn ọmọ, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan dání. Ó kúnlẹ̀ kí wa. A béèrè ibi tó ti wá, bí a ti í bi gbogbo àlejò. Ó ní Igangan ni, ó sì dárúkọ agboolé ọkọ rẹ̀. Àlàájà tú láílọ́ọ̀nù náà. Ìbora ọmọdé méjì ló wà níbẹ̀, ankárá kan náà, wọ́n sì to àwọn ègé wọn bákan náà. Ọ̀kan kù díẹ̀ kó parí. Èkejì kò tíì dé ìdajì, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, òwú sì ń fì nídìí abẹ́rẹ́ náà.

Ẹni tó bá ń gbé Igbó-Ọrà kò nílò àlàyé. Ohun ọmọdé méjì tó jọra báyẹn, ti ìbejì ni. Ní ìlú tiwa tí ìbejì pọ̀ sí, ara èèyàn máa ń yá sí ìyá ìbejì kó tó ronú rárá. Àlàájà pàtẹ́wọ́, ó ń yọ̀. "Áà, ìyá ìbejì! Kú ewu o, kú oríire! Èkejì dà? Ọ̀dọ̀ ta lo gbé e sí?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ó rìnrìn-àjò, mà."

Àwọn àgbà tó tọ́ mi kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó rìnrìn-àjò, ẹni tó bá gbọ́ á sì mọ̀. Ọwọ́ tí Àlàájà fi ń pàtẹ́ kò mọ ibi tí ó máa gbà.

Obìnrin náà ló bá wa sọ̀rọ̀. "Látìgbà tí wọ́n ti sọ fún mi ní sẹ́ńtà ìlera pé méjì ni mo ti ń rán wọn. Ẹ dákun, ẹ bá mi parí wọn. Kí ẹ fún ẹni tí tiẹ̀ bá pé."

"Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ ńkọ́?" Mo bi í.

"Mi ò lè fi ẹyọ kan bò ó, mà. Tí mo bá ti gbé ọ̀kan, ojú mi á máa wá èkejì." Ó tún ọmọ náà pọ̀n. "Mi ò tíì ṣe nǹkan kan fún un láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí èyí náà má lọ tẹ̀ lé e."

Ọlọ́kadà fun fèrè, obìnrin náà dìde, ó sì lọ. Gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló dà lé ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọyẹ́ ti jẹ́ kí ó funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí. Mo wo ẹsẹ̀ náà títí ọ̀kadà fi yà. Ó dùn mí wọ eegun.

Mo kọjú sí Àlàájà. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀kan, ká gbé e lọ fún ọmọ yẹn. Ká fi èkejì ta ẹlòmíràn lọ́rẹ."

"Ẹyọ kan?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ohun tí wọ́n gé fún méjì lẹ fẹ́ pín?"

"Àlàájà, èyí tó lọ kò nílò ìbora. Èyí tó kù ni òtútù ń pa."

"Mo ní a kì í pín in."

Inú bí mi débi pé ó ku díẹ̀ kí n pè é ní "ìwọ". Mo ronú pé ohun tó ń sọ ni pé kí a gbé méjèèjì fún ìyá ìbejì mìíràn, kí ọmọ Igangan máa gbọ̀n lọ. N ò bi í. Mo jókòó ti iṣẹ́ mi, òun náà jókòó ti tirẹ̀, a ò sì bára wa sọ ju "ẹ na òwú sí mi" lọ.

Èmi ni mo mú èyí tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Mo mọ aṣọ, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn nípa rẹ̀. Mo rí ankárá aláwọ̀ ewé tó jọ aṣọ ìdána, mo rí ègé kanpala, mo rí kákí tí wọ́n gé lára ṣòkòtò ọkùnrin. Níbẹ̀rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ obìnrin náà wẹ́, ó sún mọ́ra, ó wù mí. Bó ti ń lọ, ó ń tóbi sí i, ó ń sáré. Mo mọ ohun tó fà á. Oyún ti wúwo nígbà yẹn, ìjókòó ti le, ó sì fẹ́ kí méjèèjì parí kó tó wọ ilé ìwòsàn. Ó rán an títí dé ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ bímọ. Ìpẹtà ti mú abẹ́rẹ́ náà mọ́ aṣọ.

Òfin wa ni pé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbà. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì, mo ń rán bọ̀ sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́ náà lójoojúmọ́, nígbà tó sì ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dúró. Mo fi aṣọ funfun rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, mo gán an yí ká, mo fi ibi kékeré yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàájà rí i. Ó yíjú padà sí iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí ìbora méjèèjì ṣe ń parí lọ ni nọ́ọ̀sì kan ránṣẹ́ sí wa láti sẹ́ńtà. Ó ní obìnrin kan láti abà bí ìbejì, ìró tó ró wá ni wọ́n fà ya sí méjì láti fi wé àwọn ọmọ. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ìbora náà, ojú mi le.

"Ẹni tí tiẹ̀ pé ti dé," mo ní. "Ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn."

Àlàájà fa aṣọ gbà lọ́wọ́ mi. "Ta ló ní ohun tí mo fẹ́ nìyẹn?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní a kì í pín in?"

"Mo ní a kì í pín in. Mi ò ní ká gbé e fún ẹlòmíràn." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó ìbora méjèèjì lé itan. "Ìyá Télọ̀, èmi náà, méjì ni wá."

Mo dúró, mo ń wò ó. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ la fi ń pè é nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tó lọ sí Mẹ́kà, ó di Àlàájà. N ò béèrè orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré rí. Lójoojúmọ́ ayé la jọ ń jókòó, n ò mọ̀.

"Èkejì mi rìnrìn-àjò kí a tó mọ̀ ọ́n rákò," ó ní. "Gbogbo ohun tí ìyá mi bá rà fún mi, méjì ló ń rà á. Búbà méjì, bàtà méjì, abọ́ méjì. Àwọn ará ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Tí ọyẹ́ bá dé, á wọ ọ̀kan fún mi, á ní, 'Èyí tìẹ.' Á wọ èkejì lé e, á ní, 'Èyí ti èkejì rẹ, bá a wọ̀ ọ́.' Nínú gbogbo agboolé wa, èmi nìkan ni òtútù kì í mú."

Mo sunkún. N ò tijú rẹ̀. Àlàájà ní kí n má fi ikun imú mi ba aṣọ jẹ́, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

A kò jẹ́ kí ìyá ìbejì inú abà fọwọ́ lásán lọ. Ìbora méjì wà nínú agbọ̀n wa, wọn kò jọra, kò sì sí ẹni tó máa gbé irú ìyẹn fún ìbejì ní ìlú wa. Àlàájà lọ sílé, ó mú ìró aláró kan tó fẹ́ràn wá, ó gé e. Mo fi ṣe etí àwọn méjèèjì yí ká títí wọ́n fi jọra. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé wọn lọ sí sẹ́ńtà.

Lẹ́yìn náà la wọ mọ́tò lọ sí Igangan. Kò ṣòro láti rí agboolé náà. Obìnrin náà jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọ rẹ̀ sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gèlè yẹn náà ló dà bò ó. Nígbà tó rí láílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́ wa, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ò rí ẹni fún ni, mà?"

"A rí," Àlàájà ní. "Ìwọ ni."

"Màmá, mo ní kí ẹ fún ẹni tí tiẹ̀ pé."

Àlàájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, òun tó jẹ́ pé àga ni mo máa ń wá fún un nílé mi. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tú gèlè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun kítíkítí. "Wò mí dáadáa," ó ní. "Méjì ni ìyá mi bí. Èkejì rìnrìn-àjò. Èmi ló kù."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo irun, ó wo ọrùn tó ti hunjọ, ó wo ọwọ́ tí iṣan ti yọ lára rẹ̀. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì wà lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ dàgbà tó báyìí?" ó bi í.

"Mo ti ní ọmọ-ọmọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ kù yìí?"

"Èmi náà ni."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹkún tó sun kò ní ariwo, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. A jẹ́ kó sun ún. Àlàájà wá sọ ọ̀rọ̀ búbà méjì fún un, bó ti sọ ọ́ fún mi, èmi sì tẹ́ ìbora sórí itan rẹ̀, mo fi ibi tí mo fi sílẹ̀ hàn án. Ó bomi fọ ọwọ́ ẹ̀gẹ́ kúrò. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ṣùgbọ́n ìpẹtà kò jẹ́ kó wọlé mọ́, mo sì yọ tèmi láti àyà búbà mi fún un. Ó rán ibi tó kù fúnra rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tóbi, ó sì wọ́. Mo jẹ́ kó wọ́.

Ó tẹ́ ìbora kìíní sórí ẹní, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé e. "Èyí tìẹ," ó ní. Ó gbé èkejì dání, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi bò ó dé ọrùn.

"Èyí ti èkejì rẹ. Bá a fi bora."

Ọmọ náà ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sùn lọ. A ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.