Òdòdó Etí Òkun fún Mọ́mì Òkè

Pọ́n-ùn kan ààbọ̀ ni àpò iyọ̀ kékeré ní ọjà Rye Lane nílùú òyìnbó níbí. Mọ́mì tó ń gbé òkè ilé wa kì í sinmi rírà á. Láràárọ̀ ni wọ́n ń da omi iyọ̀ sórí ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sẹ́yìn ilé fún títà.

"Ìgbín ni mò ń pa, ọmọ mi. Ọlọ́run rí ọkàn mi."

Ẹ̀fọ́ kú tán. Mi ò jà. Mo ká irúgbìn òdòdó kan tí iyọ̀ kì í pa létí òkun, mo gbìn ín síbẹ̀. Mọ́mì ń da iyọ̀, òdòdó ń sanra. Nígbà tí ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé, Mọ́mì fẹ́ ra gbogbo òdòdó náà láti fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́.

"Dín owó rẹ̀ kù, ṣebí èmi ni mò ń bomi rin ín."

"Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ́n, Mọ́mì."

Wọ́n san pọ́n-ùn méjìdínlógójì.