Ọwọ́ Tí A Gé Kúrò Nínú Àwòrán

Ilé-ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, láàárín orin ìyìn àti àdúrà òwúrọ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di ẹni ìgbàgbé. Nígbà tí ìjọ wa ní Ìpọ̀nrí fẹ́ máa ṣe fídíò tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá lórí fóònù òbí wọn, wọ́n pe èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, pé kí a wá jẹ́ olùdámọ̀ràn. A ó máa wo fídíò kọ̀ọ̀kan kí ó tó jáde. Ohun tí a bá ní kí wọ́n yọ, wọ́n á yọ ọ́.

Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n yà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ni inú mi dùn sí jù. Ìyá rẹ̀ ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní Tẹ̀júoṣó, Yorùbá ni wọ́n ń sọ sí i nílé, ọ̀rọ̀ sì máa ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Nínú fídíò rẹ̀, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé-ìwé, ó ń júwe ilé wọn.

"Ilé wa nìyẹn, èyí tí wọ́n sá aṣọ sí. Bàbá mi ló kun ilẹ̀kùn ẹ̀ ní ọ̀dà búlúù. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò wa á wá sá pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn wa, màmá mi á ní kó san owó ilé."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi ń júwe ilé bàbá rẹ̀.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé tí kò mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ náà, pé òsì ló fi ń kọ̀wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní ọmọ kékeré kì í ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣe. Ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni yóò ti kọ́ ọwọ́ náà. Ó ní àwọn òbí á pa fídíò wa, wọ́n á ní ìjọ ló ń ba ọmọ àwọn jẹ́.

"Tíṣà, àbí ẹ fẹ́ kí gbogbo ọmọ Súrùlérè máa fi òsì gba oúnjẹ lọ́wọ́ wa ni?"

Ó rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní kí wọ́n tún un yà, kí ọmọ náà fi ọ̀tún júwe.

Mo lọ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tún un yà. Àǹtí tó ń ya fídíò mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, ó nà án sí ọ̀kánkán ilé náà, ó ní kó máa sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní ilé àwọn nìyẹn, ó bá dákẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ tó nà. Wọ́n bi í pé ewúrẹ́ ńkọ́. Ó ní òun kò mọ̀. Bí òsì bá fẹ́ gbéra, á yára fà á sẹ́yìn, á wojú mi bóyá mo rí i. A ṣe é títí oòrùn fi wọ̀, ewúrẹ́ kò padà wá.

Mo bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí wọ́n lo ti àkọ́kọ́. Mo ní Ọlọ́run tó dá ọ̀tún ló dá òsì. Ó ní òun kò bá Ọlọ́run jà, àwọn òbí ni òun ń rò. Níkẹyìn, àǹtí náà bá wa wá nǹkan ṣe sí i: wọ́n á lo ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gé àwòrán náà kí ó mọ sí èjìká. Ọ̀rọ̀ á wà, ọwọ́ kò ní sí. Ó jọ ọgbọ́n lójú gbogbo wa, mo sì dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fi fídíò náà hàn ní gbọ̀ngàn ìjọ, ọmọ náà jókòó láàárín èmi àti ìyá rẹ̀. Gbogbo èèyàn fi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bojú, ó ní ọmọ yìí ti tú àṣírí òun. Ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ sídìí ògiri tí àwòrán náà wà, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ já bọ́. Ó padà wá, ó fẹnu sí mi létí.

"Màmá Tíṣà, ọwọ́ mi dà?"

Mo ní ọwọ́ rẹ̀ rèé lára rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó tì í bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú Ọlọ́run. Fídíò náà ń lọ láti fóònù dé fóònù, àwọn òbí ń kí wa kú iṣẹ́. Mo ti sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé bí wọn kò bá dá odindi ọmọ náà padà sínú àwòrán, kí wọ́n má pè mí ní olùdámọ̀ràn mọ́. Ó ní òun ń rò ó. Mo gbà pé ó ń rò ó lóòótọ́, nítorí kì í ṣe èèyàn búburú.

Lánàá, mo bá ọmọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè yẹn, ó ń retí ìyá rẹ̀. Mo bi í pé èwo ni ilé wọn níbẹ̀ yẹn, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ṣu ẹnu jọ, ó sì nà án sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn búlúù náà.