Ọ́ìlì Tó Funfun

Lánàá, mẹkáníìkì tú ọ́ìlì mọ́tò mi dànù. Bí òórùn rẹ̀ ṣe ta sí mi nímú, mo tún di ọmọdé létí ọ̀sà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìyá àgbà ń ṣàìsàn lódìkejì omi. Màmá ti di ẹrù láti àárọ̀, wọn ò lè jókòó. Ẹsẹ̀ ń yún èmi náà. Bàbá tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa palẹ̀ sórí ẹní àlòkù. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì tó jáde látinú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, ibi tó máa ń wà lábẹ́ omi, funfun.

"Bàbá, ẹ wò ó, ó dà bí ògì!" Mo bú sẹ́rìn-ín.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Rísí, lọ mú òrí wá."

Òrí tí wọ́n fi ń ra mí lára lẹ́yìn ìwẹ̀ ni Bàbá kì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà láti fi dí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ́ìlì kì í funfun bẹ́ẹ̀ àfi bí omi bá ti wọlé sí i.

"Bàbá Rísí, ṣé ó máa gbé wa débẹ̀?"

"Á gbé wa, ín ṣáà Allāhù."

Màmá wo ọwọ́ Bàbá tó ń dán fún òrí. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ mẹ́ta jáde, wọ́n na èyí tó kéré jù sí mi.